Ìyálé Mi Etí Òkun àti Ọkọ̀ Inú Sánmà

Ìyàwó ilé kì í pe orúkọ àwọn tó bá nílé ọkọ. Bí wọ́n ṣe tọ́ àwa nìyẹn. Ọmọ tí wọ́n bí lánàá, tí ìwọ sì wọlé lónìí, ọkọ rẹ ni. O ò gbọdọ̀ pe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ìwọ lo máa wá orúkọ mìíràn tó dùn létí fún un. Mo ti pẹ́ nínú ilé yìí ní Aké, mo sì mọ orúkọ gbogbo wọn, òkú àti alààyè, orúkọ ìsàmì, orúkọ abísọ, oríkì, títí kan àwọn tó kú ní kékeré. Tí ẹ bá jí mi lójú oorun, màá kà wọ́n fún yín. Ṣùgbọ́n n kò ní kọ ọ̀kan ṣoṣo sílẹ̀ níbí. Ẹnu mi ò pè wọ́n rí, ọwọ́ mi ò ní bẹ̀rẹ̀ lónìí.

Ọkọ mi gan-an, Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n, Tíṣà lèmi náà ń pè wọ́n. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ ọmọ ilé-ìwé girama títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Èmi ò kàwé kọjá ìwé mẹ́fà. Mo lè ka Bíbélì Yorùbá àti ìwé orin láìkọsẹ̀, mo lè ka pátákó ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì tó bá ti gùn ju pátákó lọ, ó ti kọjá mi. Àdìrẹ ni mo tà ní Ìtòkú kí orúnkún tó dá mi dúró sílé.

Nígbà tí àwọn ọmọ ti lọ, tí èmi àti Tíṣà bá ti jẹun ọ̀sán tán, ọ̀dẹ̀dẹ̀ la máa ń jókòó sí. Tíṣà á gbé ìwé kan dání, tó nípọn bíi búrẹ́dì méjì tí wọ́n gbé léra. Ìwé àtijọ́ ni. Wọ́n ní wọ́n kọ ọ́ láyé Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì tó wà lórí oyè nígbà tí ìjọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fìdí múlẹ̀ ní Aké wa níbí. Èèpo rẹ̀ ti já, Tíṣà sì ti fi bébà kàlẹ́ńdà bò ó, bí wọ́n ṣe ń bo gbogbo ìwé wọn. Wọ́n á kà á sínú, ètè wọn á máa mì. Tó bá yá wọ́n á dojú ìwé dé orí itan, wọ́n á sọ ohun tí wọ́n kà fún mi ní Yorùbá.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n pe orúkọ àwọn ènìyàn inú rẹ̀, mo gbìyànjú láti pè é tẹ̀lé wọn, ahọ́n mi lọ́ mọ́ra. Tíṣà rẹ́rìn-ín.

"Má wulẹ̀ pè wọ́n. Ṣebí wọ́n ti bí gbogbo wọn kí o tó wọlé mi?"

"Wọ́n ti bí wọn, wọ́n tiẹ̀ ti sin wọ́n."

"Ọkọ rẹ ni wọ́n nìyẹn. Sọ wọ́n lórúkọ."

Ni mo bá sọ wọ́n lórúkọ. Ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi tí ìtàn dá lé lórí, mo pè é ní Balógun. Àbúrò rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí eruku kan aṣọ òun, Ajíṣefínní. Ìyá wọn tó ń pàṣẹ láti orí àga, Ìyá Ilé.

"Ìyàwó Balógun ńkọ́?" ni mo bi wọ́n. "Ìyẹn kì í ṣe ọkọ mi. Àlejò ló wá ṣe nílé wọn bíi tèmi."

"Ìyálé rẹ ni," ni Tíṣà wí. "Ó ti wọlé ṣáájú rẹ."

Bí mo ṣe ní ìyálé létí òkun àwọn Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn.

Ìtàn náà rèé. Balógun kó àwọn atukọ̀ lọ sókè ayé níbi tí gbogbo omi ti di yìnyín, ó ń wá ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà kọjá. Mo ní báwo ni òkun ṣe ń dì. Tíṣà ní kí n ro yìnyín tí àwọn elẹ́ja ń fi àáké fọ́ ní Kútọ̀, kí n wá rò ó pé kò sí òpin. Balógun lọ, kò dé. Lọ́dọọdún, àwọn ará ilé á gbé aṣọ dúdú wá bá Ìyálé, wọ́n á ní kó gbà pé opó ni òun, kó fi ilé sílẹ̀ fún Ajíṣefínní. Lọ́dọọdún, Ìyálé á ká aṣọ náà, á dá a padà fún wọn. Òun àti ajá Balógun nìkan ló ń retí kó dé.

Àwa nìkan kọ́ là ń gbọ́ ọ. Àbúrò Tíṣà obìnrin ń gbé yàrá ẹ̀gbẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìbàdí-Àrán ni mo sọ ọ́ lọ́jọ́ tí mo wọlé, ọmọ kékeré tí ń sáré kiri ni nígbà náà. Ó kéré sí mi dáadáa, ṣùgbọ́n ó bá mi nílé ni, ọkọ mi ni, ẹ ni mo sì ń fi pè é lójú. Níbí màá kọ ọ́ ní ó, kí ẹ̀yin tó ń kà á má baà pò ó pọ̀ mọ́ Tíṣà. Á lanu pé òun ò ráyè ọ̀rọ̀ òyìnbó, àmọ́ fèrèsé rẹ̀ kì í tì tí ìwé bá ti ṣí.

"Ìyàwó," á ké láti inú yàrá, "ekún òyìnbó lo tún ń sun yẹn?"

"Mi ò sunkún, ọkọ mi. Ata ló ta sí mi lójú."

"Ata wo? Ṣebí èmi ni mo lọ ata lónìí."

Láti ìgbà ọyẹ́ la ti bẹ̀rẹ̀ ìwé yẹn. Nígbà tí òjò fi máa dúró dáadáa, a ti dé ibi tí wọ́n rí ọkọ̀ Balógun lọ́ọ̀ọ́kán, tó ń bọ̀ wá sílé. Inú mi dùn. Mo rò pé ọjọ́ kejì la máa parí rẹ̀.

A ò parí rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ewúrẹ́ Ìyá Ilé jẹ àwọ̀tẹ́lẹ̀ Ajíṣefínní lórí okùn, ẹjọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà èbúté, ó sì gba wá ní ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Lẹ́yìn ìyẹn, obìnrin kan tó ń ta iṣu sísun létí omi wá sọ fún Ìyálé pé Ajíṣefínní ti yọ́ ajá Balógun tà, nítorí pé ajá kì í ṣi olówó rẹ̀ mọ̀. Èmi àti Ìbàdí-Àrán bú Ajíṣefínní lọ́jọ́ náà, a bú ìyá tó bí i. Níkẹyìn ọkọ̀ gúnlẹ̀. Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀, irùngbọ̀n ti bo ojú rẹ̀, ó ti rù kan eegun. Ajíṣefínní pariwo pé, "Ẹ̀gbọ́n mi kọ́ nìyí!" Wọ́n ránṣẹ́ pe Ìyálé kó wá wo ojú ọkùnrin náà. Ìyálé gbọ́, ó jáde nílé.

Kò dé èbúté. Lójoojúmọ́ tí Tíṣà bá jókòó, Ìyálé á rìn díẹ̀, á tún dúró. Ó kí oníṣu. Ó bá ọmọ kan tó sọnù wá ìyá rẹ̀. Òjò pa á, ó yà sábẹ́ ilé onílé.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Ìbàdí-Àrán ké láti ojú fèrèsé, "ọ̀nà èbúté yìí mà ti gùn ju ọ̀nà Ìjẹ̀bú lọ! Kí ló ń fi ẹsẹ̀ ṣe?"

"Ẹsẹ̀ ń dùn ún," ni Tíṣà wí.

"Kó gun ọ̀kadà!"

Tíṣà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́. Dókítà ti sọ fún wọn nígbà náà pé ọkàn wọn ti tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n sọ fún mi, wọn ò fi pa mọ́. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan ni wọ́n lọ. Wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti wọ ṣòkòtò, wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì láti wọ bàtà, wọn ò dìde mọ́.

Ìyàwó tó ń ṣọ̀fọ̀ kì í jáde títí ogójì ọjọ́ á fi pé. Inú yàrá ni mo wà. Àwọn tó ń kí mi ń wọlé, wọ́n ń jáde. Àwọn mọ̀lẹ́bí pín ẹrù Tíṣà bó ti yẹ kí wọ́n pín in, aṣọ lọ sọ́dọ̀ àbúrò wọn ọkùnrin, aago lọ sọ́dọ̀ àkọ́bí wa. Ìwé, wọ́n ní kí wọ́n kó o lọ sí ilé-ìwé tí Tíṣà ti kọ́ni, kí orúkọ wọn má baà parẹ́ níbẹ̀. Ohun tó dáa ni wọ́n rò, n kò bá ẹnikẹ́ni wí. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú àwọn tó pín in pé ọ̀kan nínú ìwé yẹn, èmi ni wọ́n ń kà á fún. Ìgbà tí mo jáde nínú yàrá, pẹpẹ ìwé ti ṣófo, Ìyálé sì ṣì wà lójú ọ̀nà èbúté.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Ọkùnrin onírùngbọ̀n yẹn, ṣé Balógun ni àbí òun kọ́? Nígbà tí mo bá ń gbálẹ̀, ó ń bi mí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, nínú àdúrà, ó ń bi mí. Àwọn ọmọ mi ò mọ̀ ọ́n, ìwé ìṣirò ni gbogbo wọn kà. Nígbà tí àárẹ̀ opó dín kù, mo wọ dúdú mi, mo lọ sí ilé-ìwé náà fúnra mi. Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú yàrá ìwé gbà mí tẹ̀yẹtẹ̀yẹ.

"Ẹ kú àṣẹ̀yìndè o, Màmá. Kí ni orúkọ ìwé náà?"

"N kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n fi kàlẹ́ńdà bò ó."

"A ti já gbogbo kàlẹ́ńdà yẹn dànù, Màmá. Ta ló kọ ọ́?"

"Òyìnbó ni. Ó ti kú."

"Ó dáa, orúkọ ẹnì kan nínú ìtàn náà ńkọ́? Ẹyọ kan péré, màá wá a jáde."

Mo ní, "Ajíṣefínní."

Ó wò mí. Mo ní, "Balógun. Ìyá Ilé." Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín sì ti jáde. Èmi náà bú sẹ́rìn-ín, kí ni ǹ bá ṣe? Èmi tí mo mọ orúkọ gbogbo ará ilé ọkọ mi dé orí ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ̀nà oko, n kò mọ ẹyọ kan nínú ti àwọn wọ̀nyí. Ọmọ náà fi pẹpẹ hàn mí. Ìwé tó nípọn bí búrẹ́dì kún ibẹ̀, gbogbo wọn jọra. Mo kí i, mo wá sílé.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin ń kọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní yunifásítì Alábàtà. Nígbà tí wọ́n gba ìsinmi, kò lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ l'Ékòó, ọ̀dọ̀ mi ló wá kí n má baà dá wà. Ó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ dání. Síríìsì fíìmù kan ló ń wò nínú rẹ̀, ti ayé tí kò tíì dé, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń gbé inú ọkọ̀ láàárín ìràwọ̀. Èmi ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Ìbàdí-Àrán ń bó ẹ̀gúsí. Ọmọ náà ń túmọ̀ díẹ̀díẹ̀ fún wa, kó má dà bí ẹni pé ó ń ṣahun.

"Kí ni wọ́n ń jẹ lókè yẹn?" ni Ìbàdí-Àrán bi í. "Mi ò rí ìdáná kankan."

"Oògùn ni wọ́n ń gbé mì, Àǹtí Àgbà."

"Abájọ tí aṣọ fi fún mọ́ wọn lára bẹ́ẹ̀. Kò sí ikùn níbẹ̀."

N kò kọ́kọ́ fọkàn sí i. Ọ̀gá ọkọ̀ kan kó àwọn ènìyàn lọ síbi tó ṣókùnkùn nínú sánmà, tí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ kì í dé, ó ń wá ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà kọjá. Kò dé. Ìyàwó rẹ̀ ń gbé inú ilé ńlá kan tó so rọ̀ sínú òfuurufú, níbi tí ọkọ̀ ti ń gúnlẹ̀. Wọ́n tan iná kékeré kan fún arìnrìn-àjò kọ̀ọ̀kan lára ògiri níbẹ̀. Tí ẹni náà bá kú, wọ́n á pa iná rẹ̀. Lọ́dọọdún wọ́n ń bẹ obìnrin yìí pé kó pa iná ọkọ rẹ̀. Lọ́dọọdún ó ń kọ̀.

Ẹ̀wà dúró ní ọwọ́ mi. Ọkùnrin kan wọlé nínú síríìsì náà, aṣọ rẹ̀ ń dán, ó ń gbọn eruku tí n kò rí dànù ní apá rẹ̀.

"Ajíṣefínní nìyẹn!" ni mo pariwo.

Ìbàdí-Àrán ju ẹ̀gúsí sílẹ̀. "Òun ni! Òun ni, ìyàwó! Wo ẹnu rẹ̀!"

"Ta ni ẹ ń pè bẹ́ẹ̀, Màmá?" ni ọmọ náà bi wá.

"Àbúrò ọ̀gá ọkọ̀ ni àbí òun kọ́?"

"Àbúrò rẹ̀ ni. Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Mo wò ó dáadáa. Kò sí ajá nínú ilé náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń yí gbirigbiri tẹ̀lé obìnrin náà kiri. Ọmọ náà ní ọ̀gá ọkọ̀ ló ni ín, ó mọ ohùn rẹ̀, kì í dá ẹlòmíràn lóhùn.

"Wọn ò ní pẹ́ gbé ẹ̀rọ yẹn kúrò nílẹ̀," ni mo wí. "Ajíṣefínní ló máa ṣe é, kí ọkọ̀ tó dé, kó má baà sí ẹni tó máa dá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ̀."

"Màmá, ẹ má fọkàn sí i, ẹ̀rọ yẹn ni gbogbo ayé fẹ́ràn jù nínú síríìsì yìí, wọn ò lè..."

Kí ó tó gbẹ́nu kúrò níbẹ̀, wọ́n ti tú ẹ̀rọ náà palẹ̀. Ọmọ náà dá síríìsì dúró, ó kọjú sí mi bí ẹni pé mo jalè. Mo wá sọ ìtàn Tíṣà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó gbé fóònù, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń kà á, ó ń mi orí. Àwọn tó ṣe síríìsì náà ò tiẹ̀ fi pa mọ́. Wọ́n ti sọ ọ́ síta pé inú ìwé àtijọ́ kan làwọn ti mú un, pé àwọn fi òkùnkùn sánmà rọ́pò yìnyín, àwọn sì fi iná rọ́pò aṣọ dúdú. Ó fi hàn mí nínú síríìsì pé ìwé náà gan-an wà lórí tábìlì ọ̀gá ọkọ̀. Mo ti rí i kọjá, mo rò pé Bíbélì ni. Ó wá pe orúkọ ìwé náà fún mi. Kò jọ ohunkóhun tí mo rò.

A wo síríìsì náà dé òpin. Ìbàdí-Àrán ò lọ ìpàdé ẹgbẹ́ lọ́sẹ̀ náà. Ọkọ̀ gúnlẹ̀, ọkùnrin onírùngbọ̀n sọ̀ kalẹ̀, obìnrin náà lọ wò ó lójú. Òun ni. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú nínú òkùnkùn yẹn, wọ́n fi ẹ̀rọ tún ara rẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n òun ni. Wọ́n dì mọ́ra. Ìbàdí-Àrán pàtẹ́wọ́. Èmi náà yọ̀, mo ní Tíṣà ì bá wà níbí.

Ojú ọmọ náà kò yọ̀. Ó ní, "Màmá, mi ò fẹ́ tàn yín. Àwọn ènìyàn ń jà lórí ẹ̀ nínú fóònù. Wọ́n ní bí ìwé yẹn ṣe parí kọ́ nìyí."

"Báwo ló ṣe parí?"

"Mi ò tíì kà á. Ẹ fẹ́ kí n kà á?"

Mo ní kó kà á. Mo ti dúró pẹ́ tó.

Ìwé àtijọ́ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń tà á mọ́, inú fóònù ló ti fà á jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀sán ọjọ́ kejì la jókòó. Ìbàdí-Àrán ti lọ ra ata ní Ṣàpọ́n. Ọmọ náà bi mí pé ibo ni Tíṣà dé. Mo ní kó kọ́kọ́ wá ibi ẹjọ́ ewúrẹ́, pé láti ibẹ̀ kò jìnnà mọ́. Ó tẹ ewúrẹ́ sínú fóònù. Fóònù ní kò sí ewúrẹ́.

"Tún un tẹ̀."

Ó tún un tẹ̀. Kò sí ewúrẹ́ nínú ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó wá oníṣu, tàbí ẹnikẹ́ni tó ń ta nǹkan sísun. Kò sí. Ajá wà níbẹ̀, Ajíṣefínní sì tà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìránṣẹ́ ilé ló wá sọ ọ́. Kò sí ọmọ tó sọnù. Kò sí òjò. Láti ibi tí wọ́n ti rí ọkọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán dé òpin ìwé, orí kan péré ló kù. Ọ̀sán kan ni Tíṣà ì bá fi sọ ọ́ tán. Wọ́n sì mọ bó ṣe parí. Ìwé tí wọ́n ti fi kọ́ni lọ́pọ̀ ọdún ni.

"Ka orí náà," ni mo wí. "Má pe orúkọ wọn. Orúkọ tí mo sọ wọ́n ni kó o fi pè wọ́n."

Ó kà á díẹ̀díẹ̀, ó ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá, nígbà mìíràn ó ń bi mí. Ìyálé jáde nílé, ó dé èbúté, kò yà síbì kankan. Ó wo ọkùnrin náà. Balógun kọ́. Ọ̀kan nínú àwọn atukọ̀ rẹ̀ ni, aṣọ ọ̀gá rẹ̀ ló wọ̀. Balógun ti kú sórí yìnyín. Ọkùnrin yìí ló di ọwọ́ rẹ̀ mú títí ẹ̀mí fi bọ́, òun ló sì fi àáké gbẹ́ yìnyín sin ín. Ó ti ṣèlérí fún un pé òun fúnra òun ni òun máa wá sọ fún ìyàwó rẹ̀, ẹlòmíràn kọ́. Ìyálé mú un lọ sílé, ó fún un lóúnjẹ, ó ní kó sọ gbogbo rẹ̀, kó má fo ohunkóhun. Nígbà tó sọ ọ́ tán, Ìyálé lọ bá Ìyá Ilé, ó ní kí wọ́n gbé aṣọ dúdú wá. Ìwé parí síbẹ̀.

Ọmọ náà ní òpin ti síríìsì dára jù ú lọ. Mo ní bóyá. Ó ní ṣé inú ń bí mi sí Bàbá Àgbà ni, tí wọn ò sọ ọ́ tán. Mo ní rárá o. Wọ́n ń wò mí lójú ni, wọn ò fẹ́ bá mi débẹ̀.

Ìgbà náà ni Ìbàdí-Àrán wọlé, ata ní ọwọ́ kan, bàtà rẹ̀ ní ọwọ́ kejì. Ó wo ojú mi, ó wo fóònù.

"Ẹ̀yin méjèèjì ti kà á láìdúró dè mí?"

"A ti kà á, ọkọ mi. Ẹ máà bínú."

"Ṣé ó dé?"

"Kò dé. Ó ti kú sínú yìnyín. Ẹni tó sin ín ló wá sọ fún Ìyálé."

Ó gbé ata kalẹ̀. "Ó kúkú rẹ́ni wá sọ fún un," ni ó wí. "Ewúrẹ́ yẹn ńkọ́? Kí làwọn àgbà èbúté dá fún un?"

"Ewúrẹ́ ò sí nínú ìwé. Oníṣu náà ò sí. Tíṣà ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi?"

"Àwọn ni."

Lọ́jọ́ ìsìnkú Tíṣà, Ìbàdí-Àrán kò sunkún. Òun ló ń pín oúnjẹ, òun ló ń bá àwọn tó yá wa ní àga jà, gbogbo ènìyàn ní ọkàn rẹ̀ le. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ báyìí, láìtẹ́ ẹní, ó gbé gèlè kúrò lórí, ó sì bú sẹ́kún bí ọmọdé. Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí àga mi, orúnkún ń ké, mo jókòó tì í. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti wọ ilé yìí, ó fi ẹ pè mí.

"Ẹ sọ ti ewúrẹ́ yẹn fún mi," ni ó wí. "Mi ò gbọ́ ọ dáadáa láti ojú fèrèsé."